"Gbogbo àlá mi ló ń ṣẹ": ìdáhùn sí ìyá tí oorun ń bà lẹ́rù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Gbogbo ohun tí mo bá ti lá ló ń ṣẹ. Mo lá àlá pé wọ́n ń sunkún nílé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọjọ́ kẹsàn-án ni ìpè wọlé pé ẹ̀gbọ́n mi ti ṣaláìsí. Ṣáájú ìyẹn, mo ti lá a pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan, ó sì bọ́ lóòótọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo tún rí ọmọ mi obìnrin nínú ọkọ̀ tó dojú dé, bẹ́ẹ̀ ó ń múra ìrìn àjò fún oṣù tó ń bọ̀. Ẹnì kan ní òun lè bá mi dínà àlá yìí kó má baà ṣẹ, àmọ́ owó tó ní kí n mú wá pọ̀. Ṣé kò sí oògùn tí èèyàn lè lò tí kò fi ní máa lá àlá mọ́? Ṣé kí n sọ fún ọmọ mi kó má lọ? Ohun tí kì í jẹ́ kí n sùn jù ni pé ó ń ṣe mí bíi pé èmi ni mo fi àlá pa ẹ̀gbọ́n mi.

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ẹ̀gbọ́n yín. Ibi tí ẹ parí ọ̀rọ̀ sí ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló wúwo jù: ẹ̀yin kọ́ lẹ fa ikú wọn. Ohun yòówù tó mú wọn lọ, kì í ṣe orí ìrọ̀rí yín ló ti dìde. Àlá kì í jáde lórí ẹni tó ń lá a kó lọ bá ẹlòmíràn nínú ilé rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó máa bá ìyókù lọ.

Ẹ má sì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, torí irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, ìparí wọn kì í sì í yàtọ̀: ẹnì kan wà níbì kan tó fẹ́ fi ẹ̀rù ẹlẹ́rù ṣòwò. Ẹ wo bí òwò náà ṣe rí. Bí ọmọ yín bá lọ tó bọ̀ láyọ̀, yóò ní agbára òun ló ṣe é. Bí táyà bá jò lọ́nà, yóò ní jàǹbá ńlá ni òun sọ di kékeré. Bí ohun burúkú bá ṣẹlẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, yóò ní owó yín ló pẹ́ tàbí kò pé. Kò sí ibi tí ọwọ́ ti lè tẹ̀ ẹ́. Èmi, bí mo bá kọ oògùn fún yín tí ara yín kò yá, ẹ ó mọ̀, ẹ ó sì bi mí.

Wàyí o, ẹ ní gbogbo ohun tí ẹ bá ti lá ló ń ṣẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àlá mẹ́ta ni ẹ rọ́ fún mi, ìkẹta kò sì tíì ṣẹ. Méjì ló kù. Méjì nínú mélòó? Ohun tí mo máa ń bi gbogbo ẹni tó bá gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá sọ́dọ̀ mi nìyẹn, n kò sì tíì rí ẹni tó lè dá mi lóhùn.

Ní 1953, Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman ní Yunifásítì Chicago kọ̀wé nípa ohun tí wọ́n rí lára àwọn tó ń sùn: ó ní àsìkò tí ẹyinjú máa ń yí kíákíá lábẹ́ ìpéǹpéjú. Bí wọ́n bá jí onítọ̀hún lásìkò náà, àlá ló sábà máa ń rọ́ fún wọn. A ti mọ̀ báyìí pé àsìkò yìí máa ń padà wá ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 síra, ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóru, àpapọ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bíi wákàtí 2 fún àgbàlagbà tó bá sùn dáadáa. Ẹ jẹ́ ká fi mọ sí àlá 4 péré lóru kan. Láàárín ọdún kan, ó ti di 1,460. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ó di 14,600. Ẹni tó ní òun kì í lá àlá, ó ń lá a. Kì í kàn rántí ni.

Méjì péré lẹ ní ó ṣẹ. Níbo ni 14,598 yòókù wà?

Wọ́n ti lọ. Àlá kì í pẹ́ lọ́kàn. Bí èèyàn ṣe ń na ara, tó ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà, bẹ́ẹ̀ ni àlá ń ṣí kúrò. Ohun tó máa ń pè é padà ni kí nǹkan tó jọ ọ́ ṣẹlẹ̀. Ìpè ọjọ́ kẹsàn-án yẹn ló pe àlá ẹkún padà sí yín lọ́kàn. Ká ní ẹ̀gbọ́n yín ṣì wà láàyè ni, àlá ẹkún yẹn ì bá ti parẹ́ kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹ kì bá sì mọ̀ láé pé ẹ lá àlá kan tí kò ṣẹ. Èyí tí kò ṣẹ kì í ní ohun tó ń rán èèyàn létí rẹ̀. Èyí tó bá nǹkan mu nìkan ló ń padà wá, tí ń jókòó, tí ń dàgbà lọ́kàn. Bó bá wá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni kò ṣe ní dà lójú yín bíi pé gbogbo rẹ̀ ló ń ṣẹ?

Ẹ tún wo bí àlá yẹn ṣe fẹ̀ tó. Ẹkún nílé ẹ̀gbọ́n yín ni ẹ rí. Ẹ kò rí òkú, ẹ kò rí ọjọ́, ẹ kò gbọ́ orúkọ. Bí ìyàwó wọn bá ṣàìsàn, yóò bá a mu. Bí ọmọ wọn bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, bí olè bá jà wọ́n, bí wọ́n bá padà pàdánù owó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ ó ní, "Mo ti rí i tẹ́lẹ̀." Àlá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ tó báyìí, ohun tó máa bá a wọlé kò ní wọ́n.

Ẹ ó ní, "Dókítà, mo mọ ohun tí mo rí." Mo gbà pé ẹ kò parọ́. Ṣùgbọ́n ìrántí kì í ṣe fọ́tò. Ní 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer fi fíìmù àwọn ọkọ̀ tó kọlu ara wọn han akẹ́kọ̀ọ́ 150. Wọ́n bi 50 nínú wọn pé báwo ni àwọn ọkọ̀ náà ṣe ń sáré tó nígbà tí wọ́n "rún mọ́ra". Wọ́n bi 50 mìíràn ní ìbéèrè kan náà, àmọ́ "gbára" ni wọ́n lò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n pè wọ́n padà, wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n rí gíláàsì tó fọ́. Kò sí gíláàsì kankan tó fọ́ nínú fíìmù náà. Síbẹ̀, 16 nínú àwọn tó gbọ́ "rún mọ́ra" ní àwọn rí i. Nínú àwọn tó gbọ́ "gbára", 7 ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìbéèrè bá lè fi gíláàsì síbi tí kò sí, ẹ wo ohun tí ìròyìn ikú lè ṣe sí àlá ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ẹ kò kọ sílẹ̀. Ó lè jẹ́ ariwo lásán lẹ gbọ́ lójú àlá, kí ìbànújẹ́ tó sọ ọ́ di ẹkún.

Àwọn tó ń kọ̀wé bá mi sábà máa ń fi Aberfan gbá mi lẹ́nu. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá 1966, òkìtì pàǹtí èédú ya lu ilé ẹ̀kọ́ kan àti àwọn ilé tó wà nítòsí ní abúlé Aberfan ní Wales. Èèyàn 144 kú, 116 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Dókítà ọpọlọ kan tó ń jẹ́ John Barker wá ní kí ìwé ìròyìn bá òun kéde pé kí ẹni tó bá ti rí i tẹ́lẹ̀ kọ̀wé sí òun. Lẹ́tà 76 ló wọlé. Ó pọ̀ létí, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí gbogbo ayé ti gbọ́ ni wọ́n béèrè. Kò sí ẹni tó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó lá àlá òkè tó ya ní ọ̀sẹ̀ tí òkè kankan kò ya. Barker náà mọ̀ pé ibẹ̀ ló kù sí, torí náà ní 1967 wọ́n dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí àwọn èèyàn lè kọ̀wé ránṣẹ́ sí kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ kò ṣẹ.

Èyí tó yé mi jù lọ ni ti ọmọ Lindbergh, torí pé wọ́n gba àlá náà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ òtítọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 1932, wọ́n jí ọmọ Charles Lindbergh, awakọ̀ òfuurufú tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri, gbé nílé wọn ní New Jersey ní Amẹ́ríkà. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún 2. Bí wọ́n ṣe ń wá a, Henry Murray àti akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Harvard ní kí àwọn èèyàn fi àlá tí wọ́n bá lá nípa ọmọ náà ránṣẹ́. Àlá tó wọlé lé ní 1,300. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, wọ́n rí òkú ọmọ náà nínú igbó, nínú kòtò tí kò jìn. Wọ́n padà sórí àwọn àlá náà. Nǹkan bíi 5 nínú 100 ló ní ọmọ náà ti kú. Àwọn tó rí i pé ó kú, pé wọ́n bò ó mọ́lẹ̀, pé ibi tí igi wà ni, 4 péré ni wọ́n. Mẹ́rin nínú 1,300, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo ìlú ló ń sọ̀rọ̀ ọmọ yẹn lọ́sàn-án, tí wọ́n ń gbé e sùn lálẹ́. Mo sì mọ̀ dájú pé bí ẹnikẹ́ni bá rí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yẹn bá sọ̀rọ̀, yóò sọ fún un pẹ̀lú omijé lójú pé àlá òun kì í yẹ̀.

Ti ọ̀rẹ́ yín kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ rántí dáadáa bóyá kò ti ráhùn fún yín rí nípa ọ̀gá rẹ̀ tàbí owó oṣù tó ń pẹ́. Ohun tí etí gbọ́ lọ́sàn-án tí ọkàn kò ráyè gbé yẹ̀wò, òru ló máa ń gbé e jáde.

Oògùn tí kò ní jẹ́ kéèyàn lá àlá, n kò ní kọ irú ẹ̀ fún yín. Ẹ má sì fi ọtí wá oorun: ó máa ń tẹ àlá rì ní ìbẹ̀rẹ̀ òru, tó bá di ìdájí, àlá náà yóò tú jáde tagbára tagbára. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò ni oògùn tí ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀. Propranolol tí wọ́n ń fún àwọn kan nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, mefloquine tí wọ́n fi ń dènà ibà, àti àwọn kan lára oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, wọ́n lè mú kí àlá burúkú pọ̀. Ẹ má dá èyíkéyìí dúró fúnra yín o; ẹni tó kọ ọ́ fún yín ni kí ẹ lọ bá. Ọ̀fọ̀ pàápàá tó láti da àlá rú fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Irú àlá kan wà tí mo máa ń fẹ́ tètè gbọ́ nípa rẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí ohun tí èèyàn rí níbẹ̀. Bí a bá ń lá àlá, ọpọlọ máa ń so ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wa kí a má baà dìde ṣe ohun tí a ń lá. Lára àwọn kan, ìdè náà ti tú: wọ́n ń ta ìpá, wọ́n ń ju ẹ̀ṣẹ́, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Carlos Schenck àti Mark Mahowald ló ṣàpèjúwe rẹ̀ fún wa ní 1986. Àwọn tó ti lé ní ọdún 50 ló sábà ń ṣe, pàápàá àwọn ọkùnrin, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń ní àìsàn Parkinson, tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n tí ìrìn ń falẹ̀, tàbí irú àìsàn tó ń jẹ ìrántí, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bí irú rẹ̀ bá wà nínú ilé yín, ẹ mú un lọ síwájú dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ àti iṣan. Ohun tí ẹ kọ sí mi kò jọ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe rèé. Ẹ ra ìwé kan, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Bí ẹ bá jí, kí ẹ tó fọwọ́ kan fóònù, ẹ kọ ọjọ́ àti gbogbo àlá tí ẹ bá rántí, títí kan èyí tí kò ní láárí. Ẹ má ṣà wọ́n. Ní ti ọkọ̀ tó dojú dé, ẹ jókòó lọ́sàn-án, ẹ kọ àlá náà sílẹ̀, ẹ wá yí ìparí rẹ̀ padà bó ṣe wù yín: ọkọ̀ náà dúró, ọmọ yín sọ̀kalẹ̀, ó ń wá ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ tó já. Ẹ máa fi ojú inú wo àlá tuntun yìí fún ìṣẹ́jú 10 sí 20 lójoojúmọ́. Ìtọ́jú gidi ni, a ń lò ó fún àwọn tí àlá burúkú kì í jẹ́ kí wọ́n sùn, ó sì máa ń ran ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín lọ. Ẹ lè sọ fún un pé ọkàn yín kò balẹ̀ látìgbà tí ẹ̀gbọ́n yín ti lọ, torí òótọ́ nìyẹn. Ẹ má sọ fún un pé ẹ ti rí òpin rẹ̀. Ẹ ò rí i, ẹrù tí kò sì lè sọ̀ lẹ máa gbé lé e lórí. Kó so bẹ́líìtì, kó má wọ ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ ń tòògbé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa sọ fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò lá àlá kankan.

N kò tíì fojú kàn yín, nítorí náà ẹ má fi ohun tí mo kọ yìí rọ́pò àyẹ̀wò. Bí oorun bá kọ̀ láti wá fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i, tàbí tó bá ń ṣe yín bíi kí ẹ má sí láyé mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de èsì lẹ́tà. Bí kò bá sí ìyẹn, tí oṣù mẹ́ta bá pé, ẹ kó ìwé àlá náà lọ sọ́dọ̀ dókítà tó wà nítòsí yín, gbogbo rẹ̀ pátá, kí ẹ jọ ka èyí tó ṣẹ, kí ẹ sì ka èyí tí kò ṣẹ.