Ṣé abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ lè dé kókó inú ọpọlọ?

Ìbéèrè láti Àkúrẹ́: "Wọ́n ní kókó wà nínú ọpọlọ màmá mi. Ṣé abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ tí wọ́n ń fà sí iṣan lè dé ibẹ̀?"

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í dé ibẹ̀ tó bó ṣe yẹ, nítorí odi kan wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ. Sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ fún mọ́ra wọn pinpin. Oògùn tó bá tiẹ̀ ráyè wọlé, wọ́n tún ń tì í padà sínú ẹ̀jẹ̀. Odi náà máa ń jò láàárín kókó, àmọ́ létí rẹ̀, níbi tí jẹjẹrẹ ti ń yọ́ tàn ká, ó ṣì le. Ibẹ̀ gan-an ni kókó ti sábà máa ń hù padà.

Temozolomide, kápúsù tí wọ́n ń gbé mì, wà lára àwọn tó ń kọjá. Láti 1996 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí carmustine, oògùn jẹjẹrẹ pẹlẹbẹ tó fẹ̀ bí owó kọ́bọ̀: oníṣẹ́ abẹ lè tò ó tó mẹ́jọ sójú ibi tó ti yọ kókó. Wọ́n ṣì ń dán ìró tí etí kì í gbọ́ wò, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù afẹ́fẹ́ wíntín-wíntín nínú ẹ̀jẹ̀. Ó ń ṣí odi náà fún wákàtí díẹ̀ láìla agbárí.

Ẹ béèrè irú kókó tó jẹ́ lọ́wọ́ dókítà wọn, torí meningioma, tó ń hù lára awọ tó bo ọpọlọ, kò sí lẹ́yìn odi yìí.