Ṣé torí àtisá pamọ́ ni àwọn Kristẹni ìgbàanì ní Róòmù fi gbẹ́ ibojì sábẹ́ ilẹ̀?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ rèé: ọ̀pọ̀ wa ló gbọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi pé inú ihò ilẹ̀ ni àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ ní Róòmù ń sá pamọ́ sí nígbà inúnibíni. Ṣé òótọ́ ni, àbí kí ni wọ́n ń fi àwọn ihò náà ṣe gan-an?

Kì í ṣe ibi ìsápamọ́. Itẹ́ òkú ni. Ìjọba mọ ibẹ̀ dáadáa, nítorí ẹ̀bá títì ńlá bíi Via Appia ni ẹnu ọ̀nà wọn wà. Òfin ìlú náà láti ìgbà láéláé kò gbà kí wọ́n sin òkú sínú ìlú, ẹ̀yìn odi sì ni abọ̀rìṣà, Júù àti Kristẹni ń gbé òkú wọn lọ. Òkúta ibẹ̀ rọ̀ láti gbẹ́. Àwọn agbẹ́lẹ̀ á la ọ̀nà tóóró, wọ́n á gbẹ́ àyè òkú sára ògiri ní ìpele-ìpele, wọ́n á tẹ́ òkú tí wọ́n faṣọ wé síbẹ̀, wọ́n á sì fi mábù tàbí amọ̀ sísun pẹlẹbẹ dí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni irú ẹni tí wọ́n ń sin síbẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, òtòṣì tí kò lẹ́bí lè dèrò kòtò tí wọ́n ń da òkú jọ sí. Ìyẹn ló mú kí mẹ̀kúnnù àti ẹrú máa dá ẹgbẹ́ ìsìnkú sílẹ̀. Òfin ọ̀kan nínú wọn, ti ìlú Lanuvium nítòsí Róòmù, ṣì wà lára òkúta láti ọdún 136. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ á san 100 sesterces (owó Róòmù ìgbà náà) àti ìkòkò wáìnì gidi kan, á sì máa dáwó lóṣooṣù. Bó bá kú, ẹgbẹ́ á ná 300 sórí ìsìnkú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ gbèsè oṣù mẹ́fà léraléra, ẹgbẹ́ ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ aláfẹnifẹ́re lóde òní ò ní pé òfin yẹn ṣàjèjì.

Ìjọ Kristẹni pẹ̀lú ń dáwó lóṣooṣù. Tertullian, ọmọ Carthage ní àríwá Áfíríkà, ṣàlàyé rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 197: ohun tó bá wu oníkálukú tí agbára rẹ̀ sì ká ló ń mú wá, wọn kì í fipá gbà á. Bíbọ́ òtòṣì àti sísin wọ́n ni wọ́n ń ná an sí, àti ọmọ òrukàn, arúgbó, àti ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ rì lójú òkun. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ náà á rí ẹni sin ín. Nígbà tí ìjọ Róòmù ní itẹ́ òkú tirẹ̀, Callistus ni bíṣọ́ọ̀bù Zephyrinus fi ṣe alábòójútó rẹ̀, ọkùnrin tó ti ṣẹrú, tó sì ti ṣẹ̀wọ̀n ní ibi ìwakùsà ní Sardinia. Òun ló wá di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, orúkọ rẹ̀ ni ibẹ̀ sì ń jẹ́ dòní.

Lóòótọ́, wàhálà dé ibẹ̀ nígbà kan. Ní 257, olú ọba Valerian ka wíwọ itẹ́ òkú léèwọ̀ fún àwọn Kristẹni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, inú itẹ́ òkú ni wọ́n ti mú bíṣọ́ọ̀bù Sixtus, wọ́n sì pa á. Lójú tèmi, irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí ló bí ìtàn ìsápamọ́.

Ní àkókò yẹn kan náà, àjàkálẹ̀ àrùn ń pa ènìyàn káàkiri. Dionysius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà, kọ ọ́ pé àwọn ará ìjọ ń pa òkú lójú dé, wọ́n ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n ń gbé wọn léjìká, títí àrùn fi mú àwọn náà lọ. Ẹ lè sọ pé bíṣọ́ọ̀bù ń yin agbo tirẹ̀ ni. Ẹ wá gbọ́ ẹ̀rí ọ̀tá. Olú ọba Julian, tó fẹ́ dá ìsìn òrìṣà padà, kọ̀wé ní nǹkan bí ọdún 362 sí olórí àwọn àlùfáà òrìṣà ní Gàlátíà, agbègbè kan nílẹ̀ Tọ́kì òde òní. Ó ní ṣíṣe àlejò, bíbójútó ibojì òkú àti ìwà mímọ́ àfẹnujẹ́ ló mú kí ẹ̀sìn àwọn ará Gálílì (bó ṣe ń pe àwọn Kristẹni nìyẹn) gbilẹ̀, àti pé ìtìjú ni bí wọ́n ṣe ń bọ́ tálákà tiwọn, tí wọ́n tún ń bọ́ ti abọ̀rìṣà. Ó wá pàṣẹ kí wọ́n kọ́ ilé àlejò sí gbogbo ìlú Gàlátíà, ó sì ya ọkà àti wáìnì sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà lọ́dọọdún.