Ìbéèrè Yín: Báwo Ni Ẹni Tó Ju Póìǹtì 32 Ṣe Pàdánù?

Ìbéèrè: Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń jiyàn lórí ìdíje keje nínú àṣekágbá NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọdún 2016, èyí tí Cleveland Cavaliers ti fi 93 sí 89 na Golden State Warriors nílé wọn ní Oakland. Mo ní Draymond Green ti Warriors ni ọ̀gá gbogbo wọn lọ́jọ́ náà: póìǹtì 32, rebound (bọ́ọ̀lù tó tàsé tí èèyàn hán) 15, assist (bọ́ọ̀lù tí èèyàn fún ẹlòmíràn tí ìyẹn sì jù wọlé) 9. Ọ̀rẹ́ mi ní Kevin Love ti Cavaliers, tó ju póìǹtì 9 péré, ṣe bẹbẹ ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Èyí tó tún ń jẹ mí lọ́kàn ni pé Warriors ju bọ́ọ̀lù onímẹ́ta, èyí tí wọ́n ń jù láti òkèèrè, 15 wọlé, Cavaliers ju 6. Báwo ni ẹni tó ju 15 ṣe pàdánù sọ́wọ́ ẹni tó ju 6?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun. Ìwé ìṣirò ìdíje yìí wà lọ́wọ́ mi di òní, mo ti fi bírò fa ìlà sí i títí ó fi fẹ́ ya. Ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ni wọ́n gbá a. Kí wọ́n tó wọ pápá, ikọ̀ méjèèjì ti pàdé lẹ́ẹ̀mẹ́fà, póìǹtì 610 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sì ní. Nínú ìdíje keje yìí fúnra rẹ̀, ìgbà 11 ni wọ́n bá ara wọn dọ́gba, ìgbà 20 ni ẹni tó ṣíwájú yí padà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń jẹ yín lọ́kàn. Onímẹ́ta 15 jẹ́ póìǹtì 45. Mẹ́fà ti Cavaliers jẹ́ 18. Níbẹ̀, Warriors fi 27 ṣíwájú, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í kà kọjá ibẹ̀. Ẹ wá wo oníméjì. Cavaliers ju 57, 27 wọlé, ó di póìǹtì 54. Warriors ju 42, 17 wọlé, ó di 34. Cavaliers ti gba 20 padà nìyẹn. Free throw ló kù, ìyẹn bọ́ọ̀lù olóókan tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ láti jù: Cavaliers ju 21 wọlé nínú 25, Warriors ju 10 nínú 13, ìyẹn 11 sí i fún Cavaliers. Ẹ ro 20 mọ́ 11, ó di 31. Ẹ yọ 27 kúrò níbẹ̀, ó ku 4. Mẹ́rin yẹn náà ni wọ́n fi na wọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe ìṣirò yìí, ṣe ni mo dìde lórí àga.

Ohun tó fà á ni pé Cavaliers ń wọ inú lọ sídìí apẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì ń wọ inú ni wọ́n máa ń ṣẹ̀. LeBron James nìkan ju free throw 10, ó ju 8 wọlé. Gbogbo Warriors lápapọ̀, 10 ló wọlé fún wọn. Àwọn Warriors dúró lókèèrè: nínú bọ́ọ̀lù 83 tí wọ́n jù, 41 jẹ́ onímẹ́ta, 26 nínú rẹ̀ sì tàsé.

Ní ti Green, òótọ́ lẹ sọ. Nínú bọ́ọ̀lù 15 tó jù, 11 wọlé. Onímẹ́ta 8 ló jù, 6 wọlé. Ẹ yọ tirẹ̀ kúrò, kí ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù: àwọn yòókù ju 68, 21 péré ló wọlé. Stephen Curry ju 19, ó rí 6. Klay Thompson ju 17, òun náà rí 6. Àwọn méjèèjì ní póìǹtì 31 lápapọ̀, Green nìkan ní 32! Ó dùn mí fún un. Ẹnìkan ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ yín náà kò parọ́. Love hán rebound 14, ṣùgbọ́n ẹ wo ìlà tí wọ́n ń pè ní plus-minus, èyí tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ikọ̀ nígbà tí agbábọ́ọ̀lù kan wà lórí pápá. Ti Love jẹ́ 19. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nígbà tó wà níbẹ̀, Cavaliers fi 19 ju Warriors lọ. Nígbà tó jókòó, Warriors fi 15 jù wọ́n lọ. Mi ò ní kí ẹ gba ìlà yìí gbọ́ nínú ìdíje kan ṣoṣo, nítorí àwọn mẹ́rin tí wọ́n jọ wà lórí pápá náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Àmọ́ mo rántí ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Thompson ló sọ ọ́ di 89 sí 89, ó sì ku bí ìṣẹ́jú mẹ́rin àtààbọ̀. Láti ìgbà náà, Warriors ò rí nǹkan kan jù wọlé mọ́. LeBron sáré tẹ̀ lé Andre Iguodala, ó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ dànù lára pátákó. Kyrie Irving ju onímẹ́ta lójú Curry nígbà tó ku ìṣẹ́jú-àáyá 53. Curry fẹ́ gbẹ̀san, Love ló bá níwájú rẹ̀, Love tí wọ́n ti ń bú pé kò mọ èèyàn ṣọ́. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, Love ò fi í sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà tàsé. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé Curry tàsé. Kò sí ìlà kankan tó ní orúkọ Love nínú.

Tí ẹ bá ní kí n mú ẹnìkan, Green náà ni màá mú.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé LeBron ló kọ́kọ́ ní triple-double, ìyẹn kí èèyàn ní ó kéré tán mẹ́wàá nínú nǹkan mẹ́ta bíi póìǹtì, rebound àti assist, nínú ìdíje keje àṣekágbá?

Ìdáhùn: Rárá o. Òun ni ẹnìkẹta, pẹ̀lú póìǹtì 27, rebound 11 àti assist 11. James Worthy ti Lakers ṣe é ní 1988: 36, 16 àti 10, wọ́n sì na Pistons. Jerry West ló ṣáájú wọn ní 1969, póìǹtì 42, rebound 13, assist 12, síbẹ̀ Celtics fi 108 sí 106 na Lakers rẹ̀. Òun ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nínú àṣekágbá náà, kò sì tíì sí ẹlòmíràn tó gbà á nígbà tí ikọ̀ rẹ̀ pàdánù.