Ìbéèrè Yín Lórí Mọ́tò: Géèjì Tó Ń Gòkè Nínú Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Camry 2004 ni mò ń lò, ẹ́ńjìnnì 2.4. Tí mo bá wà lórí eré lójú ọ̀nà márosẹ̀, kò sí wàhálà. Àmọ́ tí mo bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ọ̀jọ́ọ̀, géèjì ooru ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mẹkáníìkì mi ní kí a yọ thermostat (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí ọ̀nà fún omi ẹ́ńjìnnì lọ sí rádíétọ̀) dànù, kí a sì so fáànù ní dáírẹ́ẹ̀tì. Ṣé kí n gbà? Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ má gbà o. Àlàyé tí ẹ ṣe ti fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà hàn. Lórí eré, atẹ́gùn ọ̀nà ló ń tu rádíétọ̀ lára. Tí ọkọ̀ bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Mọ́tò tó ń gbóná lórí ìdúró, tó sì ń rọlẹ̀ lórí eré, fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ tó wo eruku àti kòkòrò tó dí iwájú rádíétọ̀. Ká ní orí eré tàbí orí òkè ló ti ń gbóná ni, rádíétọ̀ tó dí nínú tàbí wọ́tà póńpù là bá fura sí.

Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tan ẹ́síì, kí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Fáànù méjèèjì gbọ́dọ̀ máa yí. Tí ọ̀kan bá dúró, ẹ yẹ fíúsì rẹ̀ wò, kí ẹ sì fi rìléè (swíìṣì kékeré tó ń gbé iná fún fáànù) mìíràn tó jọ tirẹ̀ gẹ́lẹ́ dán an wò. Tó bá ṣì dúró, kí riwáyà fa wáyà méjì láti bátìrì wá sí i tààrà. Bó bá yí, wáyà ló lẹ́jọ́. Bí kò bá yí, mọ́tò fáànù náà ti kú, bọ́rọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ tán. Tí méjèèjì bá ń yí pẹ̀lú ẹ́síì, àmọ́ tí wọ́n dákẹ́ nígbà tí ẹ pa ẹ́síì tí géèjì sì ń gòkè, ẹ lọ wo sensọ̀ tó ń wọn ooru omi.

Fáànù dáírẹ́ẹ̀tì á máa yí láìsinmi, bọ́rọ́ọ̀ṣì rẹ̀ á tètè jẹ, wáyà tí kò gba fíúsì kọjá sì lè yọ́. Thermostat ní tirẹ̀ máa ń ṣí ní nǹkan bíi 80 sí 84°C. Tí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì kò ní tètè móoru, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á sì máa bu epo sí i bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ní òwúrọ̀. Tí ẹ bá ń fura sí i, ẹ fi okùn so ó kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná. Ó yẹ kó ti máa yanu kí omi tó hó. Tó bá dijú síbẹ̀, ẹ ra tuntun.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ẹ́ńjìnnì yín, 2AZ-FE, kò gba ìgbóná rárá. Bọ́lọ́ọ̀kì rẹ̀ jẹ́ álúmínọ́ọ̀mù, tẹ́rẹ́ẹ̀dì tí bóòtù orí ẹ́ńjìnnì dì mú sì máa ń já, pàápàá lẹ́yìn, níbi tó kọjú sí awakọ̀. Tí ẹ bá rí àbàwọ́n kúláǹtì tó gbẹ níbẹ̀, gáàsíkẹ́ẹ̀tì tuntun nìkan kò lè tán an. Wọ́n ní láti gbẹ́ ihò bóòtù náà, kí wọ́n fi tẹ́rẹ́ẹ̀dì irin sí i.

Ẹ yé bu omi kànga sí i. Ó ń dá ìpẹtà àti èèpá sílẹ̀ nínú rádíétọ̀. Kúláǹtì ìdajì, omi bátìrì ìdajì (omi o, kì í ṣe ásíìdì), àyàfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sára gálọ́ọ̀nù pé wọ́n ti pò ó tẹ́lẹ̀. Ẹ rọra dà á, kí ẹ máa fún họ́ọ̀sì òkè kí atẹ́gùn jáde. Ẹ má sì ṣí ìdérí rádíétọ̀ nígbà tó gbóná, ó ń bó èèyàn lójú.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá táyà tòkunbọ̀ ti gbó jù? Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ẹ wá lẹ́tà DOT lára rẹ̀, kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Tí ẹ kò bá rí nọ́ńbà yìí, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì, torí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí. Bó bá jẹ́ mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, táyà náà ti wà ṣáájú ọdún 2000, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Èyí tó bá ti lé ní ọdún 6, a kò ní bá yín fọwọ́ sí i, bó ti wù kí eyín rẹ̀ ga tó. Wọ́n lè fi nǹkan pa á lára kó máa dán. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, kí ẹ wo bóyá ó ń sán wẹ́wẹ́. Ní ti atẹ́gùn, iye tó wà lára síkà ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀ ni kí fọganáísà fẹ́ sí i, ní òwúrọ̀ tí táyà ṣì tutù. Èyí tí wọ́n kọ sára táyà, òpin ohun tó lè gbà ni.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni kí n fi ọkọ̀ gbóná fún ìṣẹ́jú 15 láàárọ̀? Ìlọrin.

Ìdáhùn: Rárá. Fún ọkọ̀ tó ń lo injector dípò kábúrétọ̀, ìṣẹ́jú kan tó, kódà nígbà ọyẹ́. Ẹ kàn má tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ títí géèjì á fi dé àárín.