Ẹ bi wá: Kí ló dé tí bluebonnet mi ò hù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, l'Amẹ́ríkà, ni mò ń gbé. Mo rí òdòdó bluebonnet lẹ́bàá títì lóṣù kẹta, ó wù mí, ni mo bá ra irúgbìn ẹ̀, mo gbìn ín síwájú ilé lóṣù kẹrin, mò ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́, mo tún da fatiláísà sí i, koríko nìkan ló hù. Àbí ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni? – Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá, Ìyá Ìbejì. Ó jọ pé àsìkò ló ṣì yín o, kì í ṣe ayédèrú. Oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá ni wọ́n ń gbìn ín ní Texas, á hù kí òtútù tó mú, á wá lẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ bíi pé kò dàgbà mọ́, ẹ má fà á tu o, gbòǹgbò ló ń ta nísàlẹ̀, tó bá di oṣù kẹta á tanná.

Hóró ẹ̀ le gan-an. Ẹ fi sáńpépà ha á lára díẹ̀ (ẹ̀ bá lo ewé ìpín, àmọ́ ibo lẹ ti fẹ́ rí i níbẹ̀yẹn?), kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Èyí tẹ́ ò bá ha lè wà nílẹ̀ ju ọdún kan lọ kó tó hù, torí náà ti oṣù kẹrin yẹn ṣì lè yọjú sí yín.

Fatiláísà ńkọ́? Ẹ gbàgbé ẹ̀ jàre. Ẹbí ẹ̀wà ni bluebonnet, tẹ́ ẹ bá hú ọ̀kan ẹ máa rí kókó róbótó-róbótó lára gbòǹgbò ẹ̀, bakitéríà inú ẹ̀ ló ń fa náítírójìn (oúnjẹ tó ń mú ewé rú) fún un látinú afẹ́fẹ́. Tẹ́ ẹ bá tún da tiyín kún un, ewé lásán ló máa rú.

Omi gan-an lọ̀tá ẹ̀. Látọdún 1901 ni Texas ti fi ṣe òdòdó ìpínlẹ̀ wọn, ta ló ń bomi rin tẹ̀bá títì? Ilẹ̀ amọ̀ Houston sì máa ń dá omi dúró, ẹ kọ ebè síbi tí oòrùn ti ń pa á látàárọ̀ dalẹ́. Tó bá ti múlẹ̀, ìgbà tí òjò bá dá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nìkan kẹ́ ẹ fún un lómi.

Tó bá tanná, ẹ wo ojú funfun kékeré tó wà lára òdòdó kọ̀ọ̀kan, tó bá ti gbó ojú yẹn máa ń pọ́n, oyin kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yà síbẹ̀ mọ́, èyí tó ṣì funfun ni wọ́n ń wá lọ. Ẹ má tètè gé e o, ẹ jẹ́ kí èèpo hóró ẹ̀ gbẹ kó fi bẹ́ fúnra ẹ̀, ìyẹn lá tanná lọ́dún tó ń bọ̀. Kẹ́ ẹ sì kìlọ̀ fáwọn ìbejì, ó jọ erèé lóòótọ́, àmọ́ májèlé ni.