Kọ́ọ̀sì Tí Gbogbo Ayé Ń Rọ́ Lọ Kà ní Yúróòpù

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo dáhùn lóṣù yìí. Láti Èkìtì ni gbogbo wọn ti wá, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń sọ: ẹ̀kọ́ wo ni kí ènìyàn lọ kà ní Yúróòpù, ṣé èyí tí gbogbo ayé ń rọ́ lọ sí ìdí rẹ̀ ni, àbí òmíràn? Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni mo fún ní àyè jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Àbígbẹ̀yìn mi ka Statistics ní yunifásítì kan ní Adó, ó sì jáde pẹ̀lú Second Class Upper. Ní báyìí, ó ní òun fẹ́ lọ ka Data Science, ìyẹn ìmọ̀ fífi ìṣirò àti kọ̀ǹpútà wádìí àkójọ ìsọfúnni, ní Jámánì, nítorí pé ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ òun ń lọ kà nìyẹn. Ajẹ́ǹtì kan sọ fún wa pé yúrò tó lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ni a ó san kí ó tó rí físà gbà, mo sì ti ń rò ó láti ta oko kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. N kò lòdì sí ìrìn àjò náà. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé, ṣé kọ́ọ̀sì yìí kò ti kún jù? Ṣé kò ní jẹ́ pé nígbà tí yóò bá fi parí, iṣẹ́ yóò ti tán níbẹ̀?
(Bàbá Olùkọ́, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kí a tó dé orí kọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ owó, nítorí pé oko kòkó kì í ṣe ohun tí à ń tà lórí ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ajẹ́ǹtì. Owó tí wọ́n sọ fún yín kì í ṣe owó ilé ẹ̀kọ́, kì í sì í ṣe owó físà. Ìjọba Jámánì fẹ́ rí i dájú pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ ní ohun tí yóò máa jẹ, nítorí náà wọ́n ní kí ó fi yúrò 11,904 sínú àkáǹtì kan tí ó wà ní orúkọ ara rẹ̀, tí wọ́n tì pa títí yóò fi dé ọ̀hún, tí yóò sì máa rí yúrò 992 gbà nínú rẹ̀ lóṣooṣù. Owó ọmọ yín ni. Òun ni yóò fi jẹun, tí yóò sì fi san owó ilé. Ẹni tí ó bá rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà, tàbí tí ó ní ẹni tí ń gbé ní Jámánì tí yóò fọwọ́ sí ìwé onídùúró fún un níwájú ìjọba, kò nílò àkáǹtì náà. Ajẹ́ǹtì tí ó bá ní kí ẹ san owó náà sínú àkáǹtì ti òun, ẹ dìde kúrò níwájú rẹ̀ láìdágbére.

Ní ti owó ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba ní Jámánì kì í gbà á, àyàfi owó kékeré tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń san ní sáà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2017 ni ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg, níbi tí Stuttgart, Heidelberg àti Karlsruhe wà, ti ń gba yúrò 1,500 ní sáà kan lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Munich náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba tirẹ̀ láti ọdún 2024. Nítorí náà, kì í ṣe kọ́ọ̀sì nìkan ni kí ọmọ yín yẹ̀ wò, kí ó wo ìlú pẹ̀lú.

Ó wá ku kọ́ọ̀sì. Lójú tèmi, ọmọ yín wà lára àwọn díẹ̀ tí Data Science tọ́ sí gan-an. Ní Jámánì, bí ènìyàn bá fẹ́ ka Master's, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò wò ni bóyá ohun tí ó kà tẹ́lẹ̀ bá èyí tí ó ń bèèrè mu. Láti ìgbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti fẹnu kò ní Bologna ní ọdún 1999 láti mú ètò dìgírì wọn bára mu, ìwọ̀n kan ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀kọ́: iṣẹ́ ọdún kan jẹ́ kírẹ́díìtì 60, dìgírì àkọ́kọ́ sì jẹ́ láti 180 dé 240. Bí transcript ọmọ yín bá dé ọwọ́ wọn, wọn yóò tú u wò ní kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan: mélòó nínú rẹ̀ ni ìṣirò, mélòó ni ìmọ̀ Statistics, mélòó ni kíkọ ètò kọ̀ǹpútà? Ẹni tí ó ka ìṣèlú, kódà bí ó gba First Class, ibẹ̀ ni wọn yóò ti dá a padà. Èrò tí ẹ ń wò lẹ́nu ọ̀nà yẹn, Bàbá, kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò wọlé. Kí ọmọ yín tètè lọ bèèrè fún transcript rẹ̀ àti ìwé tí ó ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ nínú kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ẹ̀yin náà mọ bí fáìlì ṣe máa ń sùn ní àwọn ọ́fíìsì wa.

Síbẹ̀, ẹ̀rù yín kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Àwa tí a dàgbà nígbà tí báńkì pọ̀ bí ewé lórílẹ̀-èdè yìí rántí bí gbogbo ọmọ ṣe fẹ́ ka Accounting nígbà náà, a sì rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn báńkì náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Agbaniṣíṣẹ́ tí ó bá rí ogún ìwé ẹ̀rí lórí tábìlì, tí gbogbo wọn ń jẹ́ Data Science, yóò wá ohun mìíràn tí yóò fi ya ẹnì kan sọ́tọ̀, ohun náà kì í sì í ju méjì lọ: iṣẹ́ wo ni ẹni náà mọ̀ tí ó lè fi ìṣirò rẹ̀ tún ṣe, àti pé ṣé ó gbọ́ èdè wa?

Nítorí náà, kí ọmọ yín má ṣe dúró sórí orúkọ kan ṣoṣo. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ní Dortmund, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìlú náà ní ẹ̀ka ńlá kan tí ó jẹ́ ti Statistics nìkan. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, yunifásítì Leuven àti ti Hasselt ń kọ́ni ní Statistics àti Data Science pa pọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ti Hasselt sì ní apá Biostatistics, èyí tí í ṣe ìṣirò lórí ìlera àti oògùn. Ẹ wo apá yìí dáadáa. Kò sí oògùn tuntun tí wọn yóò jẹ́ kí ó dé ọjà ní Yúróòpù láìṣe pé wọ́n dán an wò lára ènìyàn, kò sì sí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ tí kì í nílò ẹni tí yóò ṣe ìṣirò àbájáde rẹ̀. Ariwo orúkọ rẹ̀ kò tó ti Data Science, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ọmọ yín gan-an ni wọ́n ń fi ṣe é.

Èyí tí ó wù mí jù lọ ni èyí tí ó kan oko yín. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé kòkó tí yóò wọ ọjà wọn gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí ibi tí oko rẹ̀ wà gan-an lórí ilẹ̀, kí wọ́n lè fi àwòrán sátẹ́láìtì yẹ̀ ẹ́ wò pé a kò pa igbó run nítorí rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà yóò mú iṣẹ́ ṣe síwájú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wíwọn oko àti kíka àwòrán ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó mọ Statistics, tí ó tún wá kọ́ bí a ṣe ń ka àwòrán láti ojú ọ̀run, yóò wúlò ní Yúróòpù, yóò sì wúlò ní Ìkẹ́rẹ́ bákan náà. Wọ́n ń kọ́ni ní irú rẹ̀ ní ITC, ẹ̀ka ìmọ̀ àwòrán ilẹ̀ ti yunifásítì Twente, ní ìlú Enschede ní Netherlands. Owó ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ ní tiwọn, kì í sì í ṣe kékeré, nítorí náà kí ó wá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ mọ́ ọn.

Ní ti èdè, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan ọmọ yín pé nígbà tí ó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi kọ́ ọ, kò nílò èdè Jámánì. Yóò fi Gẹ̀ẹ́sì gba dìgírì. Iṣẹ́ ni yóò fi èdè Jámánì wá. Òfin ibẹ̀ gbà á láyè láti fi ọjọ́ 140 gbáko ṣiṣẹ́ láàárín ọdún nígbà tí ó bá ń kàwé, ó sì fún un ní oṣù 18 láti wá iṣẹ́ lẹ́yìn tí ó bá parí. Oṣù 18 kéré fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè. Kí ó bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Goethe-Institut, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní èdè Jámánì, wà ní Èkó, ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ wọn sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àbá mi ni pé kí ó kọ̀wé sí ibi méjì fún Data Science, kí ó kọ sí ibi mẹ́ta fún Statistics, Biostatistics tàbí ìmọ̀ àwòrán ilẹ̀. Kí ẹ má sì ta oko náà kí ìwé ìgbàwọlé tó dé.

ÌBÉÈRÈ: Mo ka Microbiology. Mo ti lọ́kọ, a sì ní ọmọ kan. Mẹ́ta nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi ti lọ ka Public Health ní Ìlú Ọba. Wọ́n ní ọdún kan péré ni, wọ́n sì ní nígbà tí ó jẹ́ kọ́ọ̀sì ìlera, iṣẹ́ ilé ìwòsàn ti dájú. Mo fẹ́ kí èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa jọ lọ ní ọdún tó ń bọ̀. Kí ni ẹ rí sí i?
(Ìyàwó ilé kan, Ọ̀yẹ́-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Arábìnrin wa, ẹ mú ọ̀rọ̀ "iṣẹ́ ilé ìwòsàn ti dájú" yẹn kúrò lọ́kàn. Ẹ̀kọ́ gidi ni Public Health: àwọn tó kà á ni wọ́n ń ṣètò abẹ́rẹ́ àjẹsára, omi mímu àti kíka iye ẹni tí àrùn mú. Ṣùgbọ́n kì í fún ènìyàn ní àṣẹ láti tọ́jú aláìsàn. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NMC, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀, kó tó lè ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ máa jẹ́ "biomedical scientist", tí í ṣe iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò tí ó sún mọ́ ohun tí ẹ kà, gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé HCPC, àjọ tó ń forúkọ irú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Òfin ni ó dáàbò bo orúkọ yẹn. Master's nínú Public Health kò mú ẹnikẹ́ni dé ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ohun tí ó mú un gbajúmọ̀ láàárín wa ni pé ó máa ń gba ẹni tí dìgírì rẹ̀ yàtọ̀ síra, n kò sì rò pé èyí tó ìdí láti ná irú owó bẹ́ẹ̀.

Ní ti ọkọ àti ọmọ, láti oṣù Kìíní ọdún 2024 ni òfin ti dí ọ̀nà náà mọ́ àwọn tó ń ka Master's tí wọ́n ń fi yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kọ́. Àwọn tó ń ṣe dìgírì ìwádìí àti àwọn tí ìjọba ń san owó wọn ni ó ṣẹ́kù fún. Ó lè jẹ́ pé ṣáájú ìgbà náà ni àwọn ọ̀rẹ́ yín tó kó ẹbí lọ. Físà ọdún méjì tí wọ́n ń fún àwọn tó bá parí yóò di oṣù 18 fún ẹnikẹ́ni tí ó bá bèèrè fún un láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2027. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí ó bá fẹ́ dúró pẹ̀lú físà iṣẹ́ gbọ́dọ̀ rí iṣẹ́ tí owó rẹ̀ tó pọ́n-ùn 41,700 lọ́dún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rọrùn díẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ọ̀nà ìtọ́jú arúgbó tí ọ̀pọ̀ gbà, wọ́n ti tì í pa mọ́ àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀ láti oṣù Keje ọdún 2025.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní lọ ka Public Health àyàfi bí mo bá ti ń ṣe iṣẹ́ náà nílé. Bí ilé àyẹ̀wò bá wù yín, ẹ kọ̀wé sí HCPC fúnra yín, kí ẹ bèèrè ohun tí dìgírì yín ṣì kù, kí ẹ tó san owó fún yunifásítì kankan.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọbìnrin mi ti ṣe JAMB fún Medicine tí kò rí i wọ̀. Ẹnì kan ní wọn kì í bèèrè JAMB ní Hungary, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. A fẹ́ kí ó lọ. Ṣé òótọ́ ni?
(Bàbá kan, Ìjerò-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. Semmelweis ní Budapest, Debrecen, Szeged àti Pécs ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣègùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọdún mẹ́fà sì ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìdánwò ti ara wọn, nínú èyí tí ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí àti kẹ́místírì wà, ẹni tí JAMB sì gbé ṣubú nínú wọn kò ní rí wọn bí ohun tuntun. Aláìsàn tí ó wà lórí ibùsùn kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà yóò kọ́ èdè ibẹ̀ dandan. Bí ó bá padà sílé, ìdánwò MDCN, àjọ tó ń fún àwọn dókítà láṣẹ iṣẹ́, ń dúró dè é kí ó tó lè di dókítà lórílẹ̀-èdè yìí. Ẹ ó sì máa san owó ní ọdọọdún fún ọdún mẹ́fà. Ẹ rántí àwọn ọmọ wa tí ogun lé kúrò nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Ukraine ní oṣù Kejì ọdún 2022.

Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí ibi tí ẹ ti sọ ohun tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ fẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà tó ń bọ̀ sí wa.