Ìbéèrè Òǹkàwé: Bí Wọ́n Bá Mú Ọkọ̀ Apẹja Àjèjì

Ẹ̀yin olóòtú, àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ apẹja ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n ti mú wọn lórí omi ilẹ̀ mìíràn, wọ́n ní wọn ò ní ìwé àṣẹ. Ṣé wọ́n lè jù ú sẹ́wọ̀n?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí wọ́n ti mú ọkọ̀ náà. Láti etíkun dé máìlì òkun 12, abẹ́ àṣẹ ilẹ̀ yẹn ni omi náà wà, òfin wọn sì lè ju àjèjì sẹ́wọ̀n. Láti ibẹ̀ dé máìlì 200, ẹja inú omi ṣì jẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n Abala 73 nínú Àdéhùn Òfin Òkun ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ti ọdún 1982, kò gba ẹ̀wọ̀n láàyè fún ẹ̀sùn ẹja pípa níbẹ̀, àfi bí ilẹ̀ méjèèjì bá ti jọ fẹnu kò sí i. Owó ìtanràn ni wọ́n máa ń bù lé wọn, wọ́n sì lè gba ẹja, àwọ̀n àti ọkọ̀ pàápàá. Ẹni tó bá lu òṣìṣẹ́ tó wá yẹ ọkọ̀ wò, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn o.

Nítorí náà, kí agbẹjọ́rò gba ẹ̀dà ìwé tí wọ́n kọ lọ́jọ́ tí wọ́n mú wọn. Kó wo wákàtí àti ojúkò ọkọ̀ tó wà níbẹ̀, kó fi wọ́n wé àkọsílẹ̀ GPS inú ọkọ̀. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ẹbí kì í mọ̀ nìyí: ilẹ̀ tó ni àsíá tó wà lórí ọkọ̀, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n ti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, ni wọ́n máa fi tó létí nípa ọkọ̀, kì í ṣe ilẹ̀ àbúrò yín. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ tètè kàn sí ẹ́ḿbásì ilẹ̀ yín.

Báwo ni olówó ọkọ̀ ṣe lè gba ọkọ̀ rẹ̀?

Ìdáhùn: Kó san owó ìdúró, kí wọ́n fi ọkọ̀ àtàwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹjọ́ tó parí. Bí owó náà bá ti pọ̀ jù, tí ọjọ́ 10 sì kọjá láì fẹnu kò, ilẹ̀ tó ni àsíá lè pẹjọ́ sílé ẹjọ́ òfin òkun ní Hamburg, ní Jámánì. Lọ́dún 2002, 3,332,500 dọ́là Ọsirélíà ni Ọsirélíà béèrè lórí ọkọ̀ Volga ti Rọ́ṣíà. Ilé ẹjọ́ náà dín in kù sí 1,920,000. Àmọ́ ẹ má fi falẹ̀ rárá. Lọ́dún 2007, Japan pẹjọ́ nítorí ọkọ̀ Tomimaru tí Rọ́ṣíà mú. Kí ìdájọ́ tó dé, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Rọ́ṣíà ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ọkọ̀ náà ti di ti ìjọba, Hamburg ò sì lè dá a padà mọ́.

Bí ọkọ̀ bá sá jáde kúrò nínú omi wọn, ṣé ó ti bọ́?

Ìdáhùn: Kò tíì bọ́. Wọ́n lè lé e títí, bí wọ́n bá ti fún un ní àmì ìdúró tó lè rí tàbí tó lè gbọ́ nígbà tó ṣì wà nínú omi wọn, tí ìlépa náà kò sì já lágbedeméjì. Ó di dandan kí wọ́n padà lẹ́yìn rẹ̀ tó bá ti wọ omi máìlì 12 ilẹ̀ tirẹ̀ tàbí ti ilẹ̀ mìíràn.